Ọkùnrin Tó Wọkọ̀ Lọ ní Burutu

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń dojú fóònù mi délẹ̀ kí n tó bọ́ aṣọ, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń wò mí. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Warri, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi ní Ekete, àwa méjì péré, torí pé màmá mi ti kú. Gbogbo èèyàn ni mo máa ń fura sí. Ẹni tó bá kí mi jù, mo fura sí i. Ẹni tí kò bá kí mi rárá, mo fura sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì rò pé mo jẹ̀bi. Nínú kíláàsì tí mò ń kọ́, àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọn ò lè ka ojú ìwé kan já lédè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ obìnrin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí àwọn bàbá arúgbó ní Amẹ́ríkà. Èmi tí mò ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn, tí mò ń ka ohun tí wọ́n kọ, mo gbà pé kò sí ẹ̀tàn kankan tó tún lè jẹ́ tuntun lójú mi. Mo gbọ́n nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kí ọgbọ́n ọ̀hún máa dí mi lójú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló kọ ọ́ sójú ewé tí àwọn ọmọ Warri ti máa ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní aláwọ̀ dúdú lòun, ìdílé àgbẹ̀ ni àwọn ní abúlé kan ní Alabama, òun sì ń wá ibi tí bàbá àgbà òun ti wá. Ó ní bàbá náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé títí ó fi kú, àfi ìwọ̀nba tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: pé Warri lòun gbé kí òun tó dé Amẹ́ríkà, pé ọkọ̀ òkun tó ń kó gẹdú lòun bá lọ, pé àbúrò òun ọkùnrin ló fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wa òun dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà ní Burutu, tí àbúrò ọ̀hún sì ń sunkún. Nígbà tó sá kúrò nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, torí náà kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọ Warri ti ń ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Oga, your grandpapa people dey my backyard, just send something make I wake dem." Òmíràn ní, "Dis one na format. Na our boys dey behind am." Format ni wọ́n ń pe ìtàn irọ́ tí gbájúẹ̀ fi ń mú èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá padà sí ibi tó ti dárúkọ Burutu, mo tún un kà, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi.

Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ létí mi. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló wá sí Warri láti etí òkun Ìlàjẹ, nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ṣoṣo, pé kí wọ́n máa pẹja tà. Àbúrò ni bàbá tó bí bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n ti gbéyàwó ní tiẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Lọ́jọ́ kan àwọn méjèèjì jọ wa ọkọ̀ lọ sí apá Burutu, àbúrò nìkan ló padà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti bá ọkọ̀ òyìnbó lọ, pé ó ní òun ń bọ̀. Ta ló fẹ́ gba irú ìyẹn gbọ́? Ọkùnrin wo ló máa fi ìyàwó olóyún sílẹ̀ láìdágbére? Ọwọ́ àbúrò ni ọkọ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni àwọ̀n wà, nígbà tó sì yá, ó kọ́lé onípáànù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n figbe ta pé wọ́n ti pa ọkọ òun. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ijala, ibẹ̀ ló sì bímọ rẹ̀ ọkùnrin sí. Bàbá bàbá mi búra títí ó fi wọ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọmọ tó wà nínú oyún yẹn là ń pè ní Bàbá Ijala. Káfíńtà ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kàn kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu kan oúnjẹ nílé wa rí. Bí ìpàdé ẹbí bá gbé e wá, á jókòó sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà, á sì gbé omi tirẹ̀ dání nínú ike. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ náà ń ṣe. Bàbá mi, tó fi iṣẹ́ ìjọba ní èbúté tọ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí, ẹnì kan á wúkọ́, ẹlòmíràn á ní ká gba àdúrà ìparí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a dé láti irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga láìbọ́ fìlà, ó ní, "Mi ò fẹ́ kú pẹ̀lú orúkọ ọmọ apààyàn." Kí n sọ òótọ́, èmi gan-an fura sí bàbá bàbá mi. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀, mo sì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ ńlá méjèèjì lórí orúnkún rẹ̀, mo máa ń wò ó títí ojú á fi tì mí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sáré fi ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà náà han bàbá mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Ijala ló jókòó síbì kan tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A ó dá a lóhùn, yóò gbé ìdáhùn wa lọ fi han ẹbí pé, ẹ wá wo àwọn ọmọ apààyàn, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí gbè wọ́n. Mo fi pamọ́ títí tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á sí i létí. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀.

"Tún un kà," ó ní.

Mo tún un kà.

"Àbúrò náà ń sunkún?"

"Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Bàbá mi sọ fún mi pé òun sunkún lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì í ni, kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì." Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan fún un. Ohun tó bá bi ọ́, ìwọ náà bi í padà. Ẹni tó bá wá láti òkèèrè tó ní ọmọ wa lòun, ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn là ń bi í."

Báyìí ni èmi àti ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wa. Ó kọ́kọ́ kọ̀ kí n rí ojú òun lórí fóònù. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti kìlọ̀ fún òun nípa Warri, pé ẹni tó bá ń bá ará Warri sọ̀rọ̀, kó yáa fọwọ́ mú àpò rẹ̀. Èmi náà fi àtàǹpàkò bo ojú kámẹ́rà tèmi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkùnkùn ń kí òkùnkùn. Nígbà tó yá, ó ní kí n ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú ṣíbí lórí, kóun lè mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò tí mo jí lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù, mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ lérí. Mo ní kí òun náà ya tirẹ̀ pẹ̀lú màlúù. Ó yà á, ọkùnrin gíga kan tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tó wọ ṣòkòtò àgbẹ̀, màlúù ń lá a lápá. Ohun tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé kò bèèrè owó, kò bèèrè ìwé ìrìnnà, kò tiẹ̀ ní òun nífẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ló sì mú kí n túbọ̀ máa fura.

Nígbà tí mo bi í ní ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn, ó ní kò sí. Ó ka ẹlẹ́dẹ̀, ó ka ọ̀kẹ́rẹ́, ó ka àgbọ̀nrín, ó ní gbogbo rẹ̀ làwọn ń jẹ. Mo ti ń wá bí màá ṣe sọ fún bàbá mi pé ó ti parí nígbà tó ní, "Àfi ẹja kan ṣá." Ó ní gbogbo ará abúlé àwọn ló ń sin ẹja náà nínú adágún, ẹja onírùngbọ̀n tí kò ní ìpẹ́. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ ṣe àpèjẹ, òun ni wọ́n máa ń dín, ìdílé tàwọn nìkan ló máa ń gbé adìẹ wá látilé, gbogbo èèyàn sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá àgbà òun kò jẹ́ kí ẹja náà wọlé, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn gbìyànjú rẹ̀ wò, kò lọ lọ́fun ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àrọ̀ ni. Àrọ̀ ni èèwọ̀ tiwa. Ní Warri, níbi tí wọ́n ti ń fi ìka yan àrọ̀ láàyè nínú ọpọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lójú Airport Road, tí olúkúlùkù ń mu pẹ́pẹ́ súùpù rẹ̀ tí òógùn ń bọ́, àwa ni ẹni tó ń bèèrè bóyá ẹran ewúrẹ́ ṣì wà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò sì gbé e padà sójú.

Lọ́jọ́ kejì a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ijala. Bàbá Ijala jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa dópin láìdá wa lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, ta ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹja, ìwọ tàbí òun?"

"Òun ni, sà."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Na format be dis. Una don train am finish. Ta ni kò mọ̀ ní gbogbo Warri pé a kì í jẹ àrọ̀? Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ Burutu? Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá lè kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n," bàbá mi ní, "mi ò ní irọ́ tí mo fẹ́ pa fún yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín."

"Lórí fóònù kọ́. Gbé e wá kí n rí i sójú. Ohun kan wà tí màmá mi sọ fún mi kó tó kú. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ. Òun ni màá bi í. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, o ò gbọdọ̀ dárúkọ bàbá mi lójú mi mọ́ láyé."

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí ará Amẹ́ríkà pé kó máa bọ̀, mo mọ̀ lọ́kàn mi pé kò ní wá. Kò sí ẹlẹ́tàn tó máa ń wá. Ó wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, a lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Osubi, ó sì jáde síta pẹ̀lú àpò kan tó so mọ́ra lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Nígbà tó rí bàbá mi, ó dúró gbọnin. Ó ní bàbá mi jọ bàbá àgbà òun débi pé ẹ̀rù ba òun. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí gbájúẹ̀ náà máa sọ gan-an nìyẹn. Ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan lójú Airport Road, ó sì jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbé àga ti ilẹ̀kùn. Bisikíìtì tó gbé wá láti Alabama ló ń jẹ. Bí a bá gbé omi fún un, á kọ́kọ́ wo ìdérí rẹ̀ dáadáa. Àwọn ará àdúgbò wa ní tiwọn ti dájọ́. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà wa rí èmi àti àlejò bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó pariwo tayọ̀tayọ̀ pé, "Aunty Teacher, you don catch maga! Na your own be dis o!" Maga ni wọ́n ń pe ẹni tó kó sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Mi ò lè bínú sí i. Ká ní èmi ni mo jókòó síbẹ̀, ohun tí èmi náà máa rò nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni Bàbá Ijala wá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun nìkan ló wá, kò mú ọmọ kankan dání. Ó gbé omi rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì tẹjú mọ́ àlejò náà títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa kọ́là rẹ̀. Bàbá mi jókòó sábẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀.

"Bi í," Bàbá Ijala ní, "báwo ni bàbá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń sùn?"

Mo rò pé ọjọ́ orí ti dé sí i ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n mo túmọ̀ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín máa jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó ní, ta ló sọ ọ̀rọ̀ okùn fún wa? Ó ní bí bàbá náà bá ti fẹ́ sùn, á gé lára okùn tí wọ́n fi ń di koríko màlúù, á so ìdí kan mọ́ ọmọ ìka ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí èèyàn ṣe ń sùn nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìyẹn, pé bí omi bá fẹ́ wọ́ ọkọ̀ lọ, okùn á fa ẹsẹ̀, èèyàn á sì jí. Pé láìsí i, oorun ò lè kun òun. Nígbà tí òun wà ní kékeré, òun a rá wọlé lọ fa okùn náà, bàbá àgbà á sì fò dìde, á máa fi èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ pariwo. Bàbá Ijala ní, ìdí okùn kejì ńkọ́? Mo túmọ̀ ìyẹn náà bí èsì ṣe ń ti ẹnu àlejò náà jáde, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà wọn ló máa ń so ó mọ́. Bó bá fẹ́ jáde lọ sóko láàárọ̀, á fà á díẹ̀ kí ìyá náà lè jí.

Mo gbójú sókè. Bàbá Ijala ti fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú.

"Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún màmá mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bó bá ń lọ sódò, á fà á kí màmá mi jí, kó bá a dáná. Lọ́jọ́ tó lọ, kò fà á. Ó tú u kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó so ó mọ́ òpó ilé, kó má bàa dẹ̀. Nígbà tí màmá mi máa lajú, òpó ló ń fà." Ó jọ̀wọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti mọ̀ pé ó sá lọ ni. Ó mọ̀, ó sì ní wọ́n pa á."

Bàbá mi ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, mo sì rò pé á dìde, á kígbe, á dá gbogbo ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti fi ikọ́ pa á lẹ́nu mọ́ padà sí wọn lórí. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

"Mo fura," Bàbá Ijala ní. "Mo ti ń fura ó pẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pa ò lè so okùn mọ́ òpó. Ṣùgbọ́n mo ní bóyá, bóyá ó fẹ́ kí màmá mi sinmi ni." Ó na ọwọ́ sí ará Amẹ́ríkà náà láìwò ó. "Dis one don come tell me say he tie am for another woman hand till he die." Ó wá yíjú sí bàbá mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ì bá sàn tó bá jẹ́ pé bàbá rẹ ló pa á lóòótọ́."

Àlejò náà ń bi mí pé kí ló dé, kí lòun ṣe. Mo wo bàbá mi. Ó ní, "Sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀nà tó rìn jìn." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá àgbà òun ní ìyàwó kankan rí kó tó dé Alabama, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ inú oyún. Díákónì ni bàbá náà lọ́dọ̀ wọn, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì ń fi ìwà rẹ̀ kọ́ ọmọ wọn. Ó gbọ́ mi dópin, ó bọ́ fìlà, ó dìde. Kò mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò sì dáa, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀kan kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ijala, àbúrò bàbá rẹ̀ kọ́ o, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ kí bàbá tirẹ̀ tó dáyé. Bàbá Ijala wò ó. Ó fi ìka kan gbé etí rẹ̀ wò bí ẹni ń wo pákó tó fẹ́ rà.

"See ear," ó ní. "Na my ear be dis."

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣíwọ́ fífura sí ọkùnrin náà, mo sì sunkún, inú mi sì ń dùn, torí ohun tí mo rò ni pé ọ̀ràn bàbá mi ti parí. Mo ti ń fọkàn pe ìpàdé ẹbí. Mo ti rí i bí gbogbo wọn á ṣe jókòó, tí àlejò á dìde sọ̀rọ̀, tí èmi á sì máa túmọ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń dá kíláàsì dúró. Nígbà náà ni Bàbá Ijala pe bàbá mi ní ohun tí kò pè é rí.

"Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Kí àwọn ọmọ mi má gbọ́. Ẹni tí wọ́n pa ni wọ́n mọ bàbá àgbà wọn sí, ẹni tó sunkún ọkọ títí tó fi kú ni wọ́n mọ màmá mi sí. Mi ò lè padà lọ sílé lọ sọ èyí fún wọn. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

Mo la ẹnu. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Wọn ò ní gbọ́ lẹ́nu wa, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, mo bínú sí bàbá mi bí mi ò ṣe bínú sí i rí láyé mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ kú pẹ̀lú orúkọ yìí. Ó ti bọ́ lọ́rùn yín lónìí, ẹ sì tún fọwọ́ ara yín gbé e kọ́." Mo ní ìyá yẹn mọ òótọ́, ó sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Bàbá mi ń ká aṣọ tó tẹ́ sórí àga fún àlejò, ó ń ká a dáadáa, etí pàdé etí.

"Tèmi ti mọ́ mi lára," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tirẹ̀ lónìí ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ọmọ Ijala wá síbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n jókòó lọ́tọ̀, wọ́n sì tètè lọ. Ará Amẹ́ríkà náà ṣì máa ń pè mí lọ́jọ́ ìsinmi, pẹ̀lú ojú rẹ̀ ní gbangba lórí fóònù. Òun náà kò sọ nǹkan kan fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní òun gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, òun wo fọ́tò ara ògiri yẹn, òun sì jókòó padà. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹni mímọ́ ni ọkùnrin náà ní Alabama, ajẹ́rìíkú ni ní Ijala, ilé tiwa nìkan ni ibi tí ó ti jẹ́ ẹni tó tú okùn lẹ́sẹ̀.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí Bàbá Ijala kú, mo lọ, mo jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ tí kò fojú kan ẹni tó bí i, ó sọ̀rọ̀ nípa bàbá àgbà wọn tí àwọn ẹni ibi pa dànù sínú omi, ojú rẹ̀ sì wá bà lé mi níbi tí mo wà, kò kúrò. Gbogbo èèyàn yíjú. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni màá sọ, gbogbo ilé náà á dà rú. Ó ní kí gbogbo ìjọ dìde, ká gbàdúrà fún ẹ̀mí ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀, kí Ọlọ́run gbẹ̀san rẹ̀ lára ìran àwọn tó pa á.

Mo dìde. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, mo ṣe àmín, ó sì dún ju ti gbogbo wọn lọ. Bàbá mi ni mo ṣe é fún.